Iye Ọ̀bẹ Bàbá Mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà tí fóònù mi dún. Tóyìn ló kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọmọbìnrin tó ń gbé ní àjà òkè nínú ilé tí mo ń gbé ní Festac. Ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, orí àtẹ̀gùn la sì máa ń pàdé: á kí mi, màá dáhùn, ó parí. Ohun tó kọ nìyí: “Daddy e kaasan sir. E joo, se obe wa?” Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti kú, láti ìgbà náà kò sí ẹni tó béèrè ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìkòkò tó ń lò náà ni mo ṣì ń lò, torí n kò mọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnì kan. Màá jẹ ìdajì, ìdajì á kan. Mo wá àwo tó ní ọmọrí, mo bu ẹja méjì sí i, mo nu etí àwo náà, mo pààrọ̀ ẹ̀wù, mo gòkè.

Tóyìn ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. “Dádì, kí lèyí sà?”

“Ọbẹ̀ ni. O ní ṣé ọbẹ̀ wà.”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Dádì! Ọ̀bẹ ni mo sọ o, ọ̀bẹ! Mo fẹ́ fi ṣí páálí ni!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ilẹ̀kùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti ń wá bí n ó ṣe yí padà. Ó rí i. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ mi kíá. “Ẹ ò lè gbé e padà o. Ohun tó ti gun àtẹ̀gùn wá bá mi ti di tèmi. Ẹ wọlé, sà.” Mo wọlé. Mo yọ ọ̀bẹ àpò mi, mo fi èékánná fà á ṣí, mo gé téèpù ara páálí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó wà nínú páálí ọ̀hún ni ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ ìgbàlódé ni, irú èyí tí ń ká wọnú èèkù rẹ̀, tó dúdú láti orí dé ìdí, tó ní bọ́tìnì. Àbúrò Tóyìn tó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ló rà á fún, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Ó ṣí i, ó pa á dé, kò wá wò ó mọ́. Tèmi ló mú. Ó yí i lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò ra ìwo màlúù tó jẹ́ èèkù rẹ̀. “Dádì, irú èyí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí fóònù o. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin! Mo ti rí i. Èló ni wọ́n tà á fún yín?”

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó, mo gba ọ̀bẹ mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí n kò lè sọ nílé rẹ̀ ni mo jókòó kọ yìí.

Kuje-Amuwo la ń gbé lọ́dún tí bàbá mi ṣe ọ̀bẹ yìí, nínú àgbàlá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Táíwò. Àwọn ìbejì rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, ó fi mẹ́rin háyà, ó ń gbé inú ọ̀kan, ó fi èyí tó sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé fún èmi àti bàbá mi. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ìyá mi kú, ó di òòlù àti ẹ̀mú rẹ̀ sínú àpò, ó fà mí lọ́wọ́, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀yìnkùlé ló gbé agbẹ̀dẹ rẹ̀ kalẹ̀ sí, lábẹ́ páànù mẹ́ta tí òpó mẹ́rin gbé ró. Ìró tó ń jí mi láràárọ̀ ni ti ẹwìrì tó fi ń fẹ́ná, fùú, fùú, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń mí lójú oorun. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà tó wà láàárín wa àti àwọn ilé funfun Festac á dákẹ́ díẹ̀ bí òòlù bá kọ́kọ́ dún, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ Ìyá Táíwò, lẹ́yìn náà ni ìró korobá tí mo gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọn omi, láti ṣa èédú, láti fẹ́ ẹwìrì bí apá bá ń ro bàbá mi. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí bàbá mi bá na ọwọ́, mo ti mọ irinṣẹ́ tó fẹ́. Nígbà míì a ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ìgbà tí ẹ̀bà bá délẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wa kò ní tó mẹ́wàá. Mo rò pé bí gbogbo bàbá ṣe ń bá ọmọ gbé nìyẹn. Nígbà tí mo di ọkọ ni ìyàwó mi sọ fún mi pé ó yẹ kí ènìyàn máa dáhùn bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀bẹ àpò ni bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe jù. Súpíríìnì ọkọ̀ tó ti kú ló ń gé, á fi iná sí i, á lù ú, á tún fi iná sí i, títí yóò fi tẹ́ bí ewé. Ìwo màlúù ni èèkù rẹ̀, tó lanu sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú ọ̀bẹ lè wọlé sùn síbẹ̀. Ìṣó idẹ kan ṣoṣo ló so méjèèjì pọ̀. Ọ̀bẹ kan ń gbà á ní ọjọ́ méjì. Náírà mẹ́ta ló ń tà á. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá mọ̀ ọ́n ná dáadáa, ó lè bọ́ sí náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀, kò ní kọjá ibẹ̀. Nínú àgbàlá kan náà ni Bọ̀dá Gàníyù ń gbé, ayálégbé Ìyá Táíwò, géńdé kan tí kì í sinmi ẹnu. Èbúté ló ti ń kó àwọn ọ̀bẹ òyìnbó tó ń ká, á tò wọ́n sórí àtẹ, á máa kiri wọn ní Mile 2. Náírà kan ni tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó lè di ọgọ́ta kọ́bọ̀.

“Bàbá Ìsẹ́yìn,” ni yóò wí bó bá ti dé, tó gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀, “ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Náírà mẹ́ta fún ọ̀bẹ kan? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni?”

“Kì í sọ̀rọ̀,” bàbá mi á dáhùn láìgbójú sókè. “Ó ń gé nǹkan.”

“Tèmi náà ń gé nǹkan. Ẹ wò ó!” Á tẹ ibì kan, ọ̀bẹ á fò jáde, ṣàá. “Ó ń dán, ó ń fò, ó ń ṣí ìgò. Tiyín, èékánná lèèyàn á fi fà á bí ẹni ń fa ẹ̀gún.”

“Èékánná kì í sọnù lọ́wọ́ ẹni. Gàníyù, ohun tó bá yá láti fò jáde, yóò yá láti fò sọnù.”

Òótọ́ ni. Kò tó oṣù kan tí irin inú àwọn ọ̀bẹ náà fi ń kú, ọ̀dọ̀ bàbá mi sì ni àwọn tó rà wọ́n ń gbé wọn wá. Ó ń tún wọn ṣe ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ọ̀bẹ tirẹ̀ ń wò wọ́n lórí àga, kò sẹ́ni tó mú un. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi lè ta tiẹ̀ ní náírà kan kí ó lè yá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Náírà kìíní ni ti irin àti ìwo àti èédú. Ìkejì ni oúnjẹ tí èmi àti ìwọ jẹ ní ọjọ́ méjì tí mo fi ṣe é.” Mo ní, “Ìkẹta ńkọ́?” Ó ní, “Ìkẹta ni pé ẹni tó bá rà á, n kò ní rí i mọ́. Kò ní bàjẹ́ kó tún wá ra òmíràn. Oníbàárà Gàníyù á padà wá lóṣooṣù. Tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń rí wọn láyé.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ló ń sọ.

Ọdún yẹn náà ni Ìyá Táíwò ní n óò lọ ilé ìwé bí mo fẹ́ bí mo kọ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n fi mí sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, orúnkún mi ń kan abẹ́ tábìlì, wọ́n ń pè mí ní Bọ̀dá Kíláàsì. Bàbá mi nìkan ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àṣálẹ́, á ní kí n fi èédú kọ ohun tí wọ́n kọ́ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á wò ó bí ẹni ń wo irin tó gbóná, bóyá ó ti tó lù. Kò mọ a yàtọ̀ sí b. Nígbà tí mo ti lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbé pátákó kan wá tí Bọ̀dá Gàníyù fà yọ lára àpótí ẹrù. Ó ní, “Kọ ọ́ fún mi pé ọ̀bẹ wà níbí. Àwọn tó ń kọjá kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìnkùlé.”

“Ṣé kí n kọ náírà mẹ́ta sí i, bàbá?”

“Rárá. Bí wọ́n bá rí iye kí wọ́n tó rí ọ̀bẹ, wọn ò ní yà. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.”

Mo fi ìyẹ́ adìẹ àti ọ̀dà dúdú kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá: OBE WA NIBI. Wọn kò tíì kọ́ wa ní àmì orí ọ̀rọ̀, n kò mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Bàbá mi fi ìka tọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yípo, ó bi mí pé kí ni roboto yẹn. Mo ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ. Ó tún tọ ọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé pátákó náà lọ kọ́ sára ògiri iwájú fúnra rẹ̀, ó sì wẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ohun tí kì í ṣe.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yà ni bíríkìlà kan tó ń kọ́lé ní apá Festac. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. “Bàbá, ẹ kúuṣẹ́. Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ síta. Èló ni?”

“Náírà mẹ́ta.”

“Náírà mẹ́ta! Bàbá! Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Ìwo màlúù ló wà lára ẹ̀. Irin ni ìyókù.”

“Irin kẹ̀?”

“Súpíríìnì mọ́tò. Kò sí irin tó dùn tó o.”

Bíríkìlà náà wo abọ́ rẹ̀, ó wo bàbá mi, ó sún sẹ́yìn díẹ̀. “Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?” Ìyá Táíwò ti gbọ́ láti inú ilé. Ó jáde pẹ̀lú ṣíbí tó fi ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé gèlè ń bọ́ lórí rẹ̀. “Ọbẹ̀ ló wá rà! Àbúrò mi, ọbẹ̀ ni ọkùnrin yìí wá rà! Wá, ọmọ ìyá mi, má jẹ irin o, wá gbọbẹ̀ ẹja.” Ó bu ọbẹ̀ àti ẹ̀bà fún un nínú èyí tí a fẹ́ jẹ, ó gba àádọ́ta kọ́bọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà náà mú ẹni méjì wá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, abọ́ mọ́kànlá ló wọ àgbàlá wa, kò sì sí ẹnì kan tó béèrè ọ̀bẹ.

Ìyá Táíwò kò gbèrò rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí ń lé oníbàárà. Ó kọ́kọ́ bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun gbé ìkòkò kan ka iná agbẹ̀dẹ. “Iná tó ti wà nílẹ̀ ni.” Bàbá mi ní, “Ilé yín ni.” Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ kùtùkùtù nìkan ló lè lu irin. Bí oòrùn bá ti yọ, ìkòkò ló ni iná. Ìró inú àgbàlá yí padà: òòlù dín kù, ọlọ ata pọ̀ sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. Ẹja ń wà nínú ọbẹ̀ mi lójoojúmọ́. Ìyá Táíwò ra bàtà ilé ìwé fún mi, bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ láyé. Lọ́jọ́ kan bàbá mi pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè ọbẹ̀?” Mo ní wọn kò mọ̀wé kà dáadáa ni. Ó wò mí. “Ohun tí o kọ síbẹ̀, ọ̀bẹ ni?” Mo ní, “Ọ̀bẹ ni, bàbá.” Ní ọjọ́ tí mo sọ ọ́, irọ́ kọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi di irọ́. Míìsì Ọlá, tíṣà wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ga, wá kọ́ wa ní àmì ohùn lọ́jọ́ kan. Ó kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ sójú pátákó, ó ní ká kọ wọ́n lórin, dò, re, mí. Àwọn ọmọ kékeré ń jó. Èmi jókòó, ara mi gbóná. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tiwa. Àmì kan ṣoṣo ni, ìlà kékeré kan tó dà sílẹ̀. Bó bá wà lórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ọ̀bẹ ni. Bó bá wà lórí èyí tó kẹ́yìn, ọbẹ̀ ni. Bí kò bá sí níbì kankan, ebi ni yóò kà á. Mo sáré délé. Ọ̀dà ṣì wà nínú agolo, mo wá ìyẹ́ adìẹ, mo lọ dúró níwájú pátákó náà. Ìyá Táíwò pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, “Bọ̀dá Kíláàsì, wá jẹun o, orí ẹja lo jẹ lónìí!” Mo gbé agolo náà sílẹ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́la, mo ro bàtà mi. Lọ́tùnla, mo ro ti ọdún ilé ìwé tó ń bọ̀. Ta ni yóò ra ọ̀bẹ ní náírà mẹ́ta? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ títí tí ọ̀dà inú agolo náà fi gan.

Nígbà tó yá, bàbá mi kò ṣe ọ̀bẹ tuntun mọ́. Ọ̀bẹ tí Ìyá Táíwò fi ń gé àlùbọ́sà ló ń pọ́n, àti ti Bọ̀dá Gàníyù tó ń kú. Bọ̀dá Gàníyù gan-an kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, èyí ló sì burú jù. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó yọ, bàbá mi á jáde síwájú ilé, á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró wo pátákó náà. Á pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń rí i bí mo bá ń lọ pọn omi. Mo rò pé ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ ló ń wò, pé ó ń yangàn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ní òun ń padà sí Ìsẹ́yìn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá Táíwò sunkún, ó ní ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí ọmọ dúró kàwé. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun rò ó. Èmi ni mo bá a ru àpò irinṣẹ́ dé Mile 2. A jókòó sórí àpò náà láàárín ariwo àwọn tó ń pe èrò, a ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa.

“Tíṣà yín wá ra ọbẹ̀ níjọ́ kan,” bàbá mi ní. “Ó sọ fún mi pé àmì kan ló kù lórí pátákó wa. Ó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, ọmọ mi ló kọ ọ́, ọmọ mi ni yóò tún un ṣe. Ó ní o ti mọ̀ ọ́n.”

N kò lè gbójú sókè. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, ọ̀bẹ ni kò mì níkùn bàbá mi. Ó ti mọ̀, ó ń jáde lọ wò bóyá mo ti kọ ọ́. Kò bínú. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kan jáde, èyí tó kẹ́yìn tó ṣe, ìwo rẹ̀ dúdú, ó ní ìlà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò nà án sí mi. Ó gbé e lé orí àpò láàárín wa kí n mú un fúnra mi, bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ lé ẹni lọ́wọ́ nílé wa. Bíbéèrè iye ti mọ́ mi lára, ó yọ lẹ́nu mi: “Èló ni, bàbá?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìwọ ni n kò ní gba náírà mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ. Àmì yẹn ni iye rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá kọ ọ́, o ti rà á.”

Ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo sáré láti Mile 2 títí èémí mi fi tán, mo rìn, mo tún sáré. Nígbà tí mo dé Kuje, pátákó náà kò sí lára ògiri. Ìyá Táíwò ti gbé e fún ẹni tó ń kọ pátákó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ kejì ló padà wá, ó funfun, ó ń dán, wọ́n ya ẹja pupa kan sí igun rẹ̀: ỌBẸ̀ ÌYÁ TÁÍWÒ. Ẹni tó kọ ọ́ mọṣẹ́. Ó fi àmì náà síbi tó yẹ ẹ́, lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn. Kò sí àyè fún tèmi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tún rí bàbá mi kí ó tó kú. A jókòó papọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, kò béèrè, n kò sọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Tóyìn, mo wọ ọjà Trade Fair. N kò ní ohun tí mo fẹ́ rà. Mo kàn fẹ́ mọ iye. Ẹni tó ń tà wọ́n tò wọ́n síwájú mi: èyí tí yóò kú lóṣù yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, èyí tó sàn díẹ̀, méjìlá, ojúlówó, ogójì. Mo fi ti bàbá mi hàn án. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó fi sétí, ó tún ṣí i. “Bàbá, ta ló ṣe èyí? Ṣé ó ṣì wà láyé? Ẹ bá mi sọ fún un pé kó ṣe ogún. Iye tó bá pè é ni màá san.” Mo ní ó ti pẹ́ jù. Mo rántí náírà kẹta. Èmi gan-an ni oníbàárà tí kò ní padà wá. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, àmọ́ èmi ni irin náà, n kò sì yọ fún un nígbà tó ń lù.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Tóyìn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gbé àwo mi wá. Kò gbé e wá lófìfo, ọsàn mẹ́rin wà nínú rẹ̀. “Dádì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Èló lẹ rà á?” Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un, kò gùn tó bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù mi, ó tẹ nǹkan níbí, ó tẹ nǹkan lọ́hùn-ún. “Mo ti fi ti Yorùbá sí i fún yín. Ẹ tẹ ọ yìí, ẹ má gbé ìka kúrò, sà. Ẹ rí i? Gbogbo àmì ló ń jáde yẹn. Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́.” Ó dágbére, ó gòkè lọ sílé rẹ̀.

Mo jókòó ti fóònù náà. Ìka mi tóbi fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì í tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó síbi tó yẹ ẹ́, lórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ìlà kékeré kan tí kò tó ìṣó idẹ inú ọ̀bẹ náà: Ọ̀bẹ wà níbí. Mo wò ó títí. N kò ní nọ́ńbà ẹni tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, mo bá fi ránṣẹ́ sí Tóyìn. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. “Mo ti ri Daddy. Obe nko?”

Kò fi àmì kankan sí i. Mo wo ìkòkò lórí iná, mo wo ọ̀bẹ lórí tábìlì. Mo mú méjèèjì, mo gòkè.